Pátákó DNA onílẹ́tà 31: bí a ṣe kàn án kí àwọn ọmọ lè tún lẹ́tà kan ṣe láìgé okùn méjèèjì

Ìbéèrè ọmọ kíláàsì mi kan ló bí iṣẹ́ yìí. SS2 ni wọ́n, báọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ wọn ní Ìlọrin níbí. A ń sọ nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé nínú gbogbo lẹ́tà tó wà nínú DNA èèyàn, ẹyọ kan péré ló yí padà tí ìyà yẹn fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, tó bá jẹ́ lẹ́tà kan ni, kí ló dé tí wọn ò pa á rẹ́ kí wọ́n kọ èyí tó yẹ síbẹ̀?"

Mo ní wọ́n ti ń ṣe é. Mo yíjú sí pátákó, mo ya okùn méjì, mo ya àlùmágàjí, mo fi gé okùn náà. Kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé n kò tíì dá a lóhùn. Àtúnkọ ló bèèrè, gígé ni mo yà fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ SS, ti fòníkú-fọ̀ladìde, ni àbúrò mi ní, ọmọ ìyá mi ni. Mo ti jókòó tì í lóru tí egungun itan ń ro ó débi pé kò fẹ́ kí aṣọ ìbora kàn án. Nítorí náà mo pinnu pé n óò kan DNA kan tí àwọn ọmọ á lè fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe, tí lẹ́tà orí rẹ̀ á jẹ́ lẹ́tà tòótọ́, tí kò ní jẹ́ lẹ́tà tí mo kàn rò jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tú u palẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Jíìnì tí ọ̀rọ̀ kàn ni HBB, orí kúrómósóòmù kọkànlá ló wà. Inú rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ka bí yóò ṣe mọ apá kan lára hemoglobin, ìyẹn purotéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Okùn méjì tó kojú ara wọn ni DNA, lẹ́tà ló sì tò sára wọn. Lẹ́tà náà kò ju mẹ́rin lọ: A, T, G àti C. T nìkan ni A máa ń bá kojú, C nìkan sì ni ti G. Mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń kà wọ́n. Lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ibi tó yẹ kó ka GAG, GTG ló ń bá níbẹ̀. Valine ló wá ń fi síbi tó yẹ kí glutamic acid wà; amino acid ni méjèèjì, ìyẹn àwọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń tò pọ̀ di purotéènì. Tí ọ́síjìn bá ti kúrò lára irú hemoglobin bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí roboto á wá tẹ̀ bíi dòjé, á máa há sínú iṣan tóóró. Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1949 pé hemoglobin fúnra rẹ̀ ló yàtọ̀. Nígbà tó di 1957, Vernon Ingram ti tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo tí ìyàtọ̀ náà wà.

Mo fẹ́ kí lẹ́tà kan jìnnà sí èkejì ní sẹ̀ǹtímítà 5 kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì lè rí i. Mo wá ṣe ìṣirò kan fún àwọn ọmọ náà tó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. DNA èèyàn jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 lẹ́tà. Tí a bá fẹ́ kan gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 yìí, pátákó wa á gùn tó kìlómítà 150,000. Láti Ìlọrin dé Èkó jẹ́ bíi kìlómítà 300, ìyẹn ni pé èèyàn á lọ, á bọ̀, ní ìgbà 250. Ibi kan lójú ọ̀nà gígùn yẹn ni lẹ́tà kan ti jẹ́ T dípò kó jẹ́ A. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Mo mú lẹ́tà 21, mo fi èyí tó ṣìnà sáàárín gan-an:

CTG ACT CCT GTG GAG AAG TCT

T tó wà láàárín GTG yẹn ni. Bí ó ṣe bọ́ sí àárín gbùngbùn yẹn dùn mọ́ mi nínú. Èmi kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà.

Ohun èlò

Ìdérí ike ni mo fi ṣe lẹ́tà. Nínú DNA, A àti G tóbi, T àti C kéré, gbogbo ibi tí okùn méjèèjì ti kojú ara wọn ló sì jẹ́ pé ńlá kan àti kékeré kan ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí DNA kì í fi í fẹ̀ níhìn-ín kó fún lọ́hùn-ún. Nítorí náà, ìdérí kẹ́ẹ̀gì òróró ni mo fi ṣe A àti G, Alhájà tó ń ta òróró ní Ìpàta ló bá mi kó wọn jọ. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo fi ṣe T àti C, ìyẹn ò wọ́n rárá, ìnáwó níkáà kan ní àdúgbò wa ti tó. A di pupa, T funfun, G àwọ̀ ewé, C àwọ̀ aró.

Igi ṣúyà ni mo gé sí kékeré, mo fi ṣe èyí tó so lẹ́tà pọ̀. A àti T fi ìdè méjì di ara wọn mú, G àti C fi mẹ́ta. Igi méjì ni mo lẹ̀ mọ́ ara A kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta mọ́ ara G kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìṣó gbígbóná lu ihò sára T àti C kí igi lè wọlé. Ẹ má lu ihò yẹn nínú ilé o, èéfín ike kò dára fún àyà. Ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí, mo fi píláyà di ìṣó mú lórí iná gáàsì kékeré.

Bàbá Káfíńtà ní Gàá-Àkànbí ló fún mi ní pílàíwúùdù látinú àjákù rẹ̀. Òun náà ló gbẹ́ Cas9 fún mi, ìyẹn purotéènì tí wọ́n fi ń gé DNA: igi kan tó rí bí ẹnu tó là, tó ń rìn lójú ọ̀nà tó gbẹ́ sójú pákó, tó ní abẹ méjì nínú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí abẹ náà ṣeé yọ. Ó bi mí pé abẹ tó ṣeé yọ, kí ló wà fún? Mo ní òun ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Àlàrùbá: pákó kò gùn tó

Cas9 kì í kàn gé ibi tó bá wù ú. RNA kan, ìyẹn okùn lẹ́tà tó jọ DNA, ló ń tọ́ ọ sọ́nà, ogún lẹ́tà ló sì wà lára atọ́nà yẹn. Tí Cas9 bá débi tó rí lẹ́tà kan, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, tí GG tẹ̀ lé, á ya okùn méjèèjì sọ́tọ̀ níbẹ̀, á wò ó bóyá ogún lẹ́tà tó ṣáájú bá ti atọ́nà mu. Tó bá mu, ó dé ibi iṣẹ́ nìyẹn. Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier ló fi hàn ní 2012 pé a lè pààrọ̀ atọ́nà náà kí a fi rán Cas9 síbi tó bá wù wá, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì nítorí rẹ̀ ní 2020.

Lára lẹ́tà tí mo kàn, TGG wà níbẹ̀ dáadáa. T tó ṣìnà gan-an ni T rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́wàá péré ni lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ lórí pákó mi! Mo ti ran ìrépé aṣọ atọ́nà náà pẹ̀lú àmì ogún, mo gbé e lé e, ìdajì rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó bí ìrù. Mo ti fi fífẹ́ kí nǹkan wà láàárín bo ohun tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ mọ́lẹ̀.

Mo tú u. Mo fi lẹ́tà mẹ́wàá kún apá òsì, ó di 31, sẹ̀ǹtímítà 155:

C ATG GTG CAT CTG ACT CCT GTG GAG AAG TCT

Lẹ́tà kìíní sí ogún ni ti atọ́nà, ìkọkànlélógún ni T tí a fẹ́ tún ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ kàn án á lo ìdérí ńlá 31 àti kékeré 31: A 15, T 15, G 16, C 16. Igi ṣúyà á jẹ́ 78.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Sátidé: gígé

Kí n tó kọ́ wọn ní àtúnkọ, mo fẹ́ kí wọ́n rí ohun tí gígé ń ṣe. Abẹ méjèèjì wà nínú Cas9. Ó gé okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ láàárín lẹ́tà kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta ṣáájú TGG, bó ṣe ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni pé ìdérí fọ́n ká gbogbo ilẹ̀ parlọ̀ mi. Okùn ọ̀rá kan ni mo ti fi sín gbogbo ìdérí bí ìlẹ̀kẹ̀, ó le dáadáa, bó ṣe já báyìí, gbogbo rẹ̀ yọ́ kúrò. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mo ń ṣa T lábẹ́ àga títí ìrun Ìṣá.

Síbẹ̀ mo rí ẹ̀kọ́ kan fà yọ níbẹ̀ fún kíláàsì. Nígbà tí mo so okùn padà, ìdérí kan ti sọnù, C ìkejìdínlógún. Mo kà á mẹ́ta-mẹ́ta: lẹ́yìn ACT, dípò CCT GTG GAG AAG, ohun tí mo ń kà ni CTG TGG AGA AGT. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ibi tó gé ti dàrú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Tí okùn méjèèjì bá gé, sẹ́ẹ̀lì á yára lẹ̀ ẹ́ pọ̀, lẹ́tà á máa bọ́, tàbí kí òmíràn já wọ ibi tí a kò pè é. Gígé dára fún jíìnì tí a bá fẹ́ pa lẹ́nu mọ́. Lọ́nà yẹn ni oògùn Casgevy, tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 2023, fi ń ran ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́: kò fọwọ́ kan T yẹn rárá, ibòmíràn ló gé, lára jíìnì BCL11A, kí ara lè padà máa ṣe hemoglobin tí a ń lò nígbà tí a wà nínú oyún. Iṣẹ́ ńlá ni, ó ti mú ìrora kúrò lára àwọn èèyàn. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ mi bèèrè.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: Bàbá ahunṣọ

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fọwọ́ kan pákó náà. Báwo ni mo ṣe máa ṣí okùn òkè kí ìdérí má fọ́n?

Lọ́jọ́ Àlàmísì mo yà sọ́dọ̀ Bàbá tó ń hun aṣọ òkè ní àdúgbò wa láti tọrọ òwú pupa díẹ̀. Òwú kan já mọ́ ọn lọ́wọ́ níṣojú mi. Kò tilẹ̀ dúró. Ó mú òwú tuntun, ó ta kókó rẹ̀ mọ́ ìdí èyí tó já lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó fà á wá síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn yòókù, ó hun ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, lẹ́yìn náà ó fi abẹ fá ìrù òwú àtijọ́ tó yọ síta. Mo fi ìka wá ibẹ̀ lára aṣọ, n kò rí i. Mo sọ ìṣòro mi fún un. Ó ní, "Tíṣà, òwú kan ló já, kí ló dé tí ẹ̀ ń sá fún gbogbo aṣọ? Àwọn yòókù ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n dì í mú."

Mo sáré délé. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún mélòó kan ni ó sọ yẹn: okùn méjì ni DNA, tí ọ̀kan bá là, èkejì ń dì í mú. Èmi ni n kò kan pákó mi bẹ́ẹ̀. Mo tú u lẹ́ẹ̀kejì. Mo ta kókó sí ọ̀tún àti òsì ìdérí kọ̀ọ̀kan kó má lè yọ́. Mo fi ìkọ́ kékeré síbi tó yẹ kó là, láàárín kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, mo fi òmíràn sáàárín ìkẹrìnlélógún àti ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo wá yọ abẹ ìsàlẹ̀ kúrò lẹ́nu Cas9. Bí okùn òkè ṣe là báyìí, ìdérí kankan ò bọ́. Igi ṣúyà àti okùn ìsàlẹ̀ dì wọ́n mú síbi tí wọ́n wà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ọ̀nà méjì tí kò gé okùn méjèèjì

Ilé iṣẹ́ ìwádìí David Liu ní Amẹ́ríkà ni méjèèjì ti jáde. Èkíní ni base editing. Ní 2016, Alexis Komor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ẹ́ńsáìmù kan mọ́ Cas9 tí kò lè gé okùn méjèèjì mọ́, ẹ́ńsáìmù yẹn ń sọ C di T. Ní 2017, Nicole Gaudelli àti àwọn tirẹ̀ ṣe èyí tó ń sọ A di G. Kò sí pé à ń yọ lẹ́tà kúrò. Orí ìjókòó rẹ̀ ni lẹ́tà náà ti ń yí padà. Lórí pákó, ìdérí àwọ̀ ewé tó fẹ̀ díẹ̀ ni mo ń dé lé A pupa lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ni kí T di A. Àyípadà méjìlá ni lẹ́tà mẹ́rin lè ṣe láàárín ara wọn, irinṣẹ́ méjì yìí kò sì lè ṣe ju mẹ́rin lọ, èyí tí a fẹ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ ló wá rí i fúnra wọn pé A kan wà níbẹ̀ o, lókùn ìsàlẹ̀, ó kojú T. Tí ẹ bá sọ A yẹn di G, T òkè á ní láti di C, GTG á di GCG. Kì í ṣe GAG. Alanine ni GCG ń pè. Ìdùnnú ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kan wà láyé tí wọ́n bí pẹ̀lú alanine níbẹ̀, Makassar ni wọ́n ń pe irú hemoglobin yẹn, sẹ́ẹ̀lì wọn kì í sì í tẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé wọ́n ti ṣe èyí sí sẹ́ẹ̀lì àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, tí eku sì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

Èkejì ni prime editing, tí Andrew Anzalone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019, òun sì ni ìdáhùn tí ọmọ yẹn ń fẹ́. Wọ́n fa RNA atọ́nà gùn, wọ́n kọ lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ sí ìrù rẹ̀. Wọ́n so akọ̀wé kan mọ́ Cas9, ẹ́ńsáìmù tó ń wo RNA kọ DNA. Cas9 á la okùn òkè nìkan, akọ̀wé á wo ìrù atọ́nà, á máa kọ okùn tuntun láti ibi tó là. Gbogbo àyípadà méjìlá ló lè ṣe. Tiwa gan-an wà nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde, lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú nínú abọ́.

Lórí pákó, ọmọ kan ṣí ìkọ́. Èkejì ń wo ìrù aṣọ náà, ó ń mú ìdérí lọ́kọ̀ọ̀kan: C, T, G, A, G, G, A. Méje. Ìkẹrin níbẹ̀ ni A pupa tó ti yẹ kó wà láti ilẹ̀. Okùn méjì wá ń du ibì kan náà, ti àtijọ́ àti tuntun, bíi ti òwú Bàbá ahunṣọ. Sẹ́ẹ̀lì á gé ìrù ti àtijọ́ dànù, á lẹ tuntun mọ́lẹ̀. A ṣí ìkọ́ kejì, a yọ ti àtijọ́, a fi tuntun síbẹ̀.

Kò wọlé. Ìkọkànlélógún kọ̀. A tuntun ló wà lókè, A àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀, ìdérí ńlá méjì ń ti ara wọn, igi ṣúyà kọlu igi ṣúyà, okùn yọ gọngọ níbẹ̀ bí ẹni pé ó ní kókó lọ́rùn. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọmọ tó bèèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ fi ìka kan ibi tó yọ gọngọ yẹn, ó ní, "Mà, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ pé nǹkan ṣe níbí." Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń mọ̀. Àmọ́ kò mọ èwo nínú méjèèjì ló tọ̀nà. Ó lè yọ A tuntun dànù, kí gbogbo làálàá wa já sí asán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń la okùn ìsàlẹ̀ díẹ̀, níbì kan tí kò jìnnà, kí sẹ́ẹ̀lì lè gbà pé ìsàlẹ̀ ló bàjẹ́, kó sì fi òkè ṣe àwòkọ. A la ìsàlẹ̀. A yọ A, a fi T funfun síbẹ̀. Ó wọlé wẹ́rẹ́. GAG.

Ohun tí pákó kò lè sọ

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé bí ìdérí ṣe wọlé wẹ́rẹ́ yẹn ni ó ṣe ń rọrùn lára èèyàn. Cas9 lè bá ibòmíràn tó jọ ogún lẹ́tà atọ́nà náà pàdé nínú bílíọ̀nù 3, kó ṣe ohun tí a kò rán an. Pákó mi kò gùn tó láti fi ìyẹn hàn. Bákan náà, fún àrùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tó ń bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, jáde lára aláìsàn, kí wọ́n tún un ṣe níta, kí wọ́n fi oògùn líle pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, kí wọ́n tó dá a padà. Ní 2025 wọ́n ròyìn ọmọ jòjòló kan ní Philadelphia tí wọ́n ṣe base editing tirẹ̀ nìkan fún, láti tún lẹ́tà kan tó ṣìnà ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ rẹ̀; inú ọ̀rá tíntìntín ni wọ́n kó irinṣẹ́ náà sí, wọ́n fa á sí i lára. Ẹ̀dọ̀ nìyẹn, ó máa ń gba ọ̀rá yẹn wọlé kíákíá. Inú egungun le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi wá láti Òró lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ṣe é fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí T funfun yẹn bọ́ sí i lọ́wọ́, ó mú un dání fún ìgbà díẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èyí ni?" Mo ní òun ni. Ó béèrè iye tó jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo sọ fún un pé Casgevy, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n kọ lé e lórí ní Amẹ́ríkà. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ihò C kẹtàdínlógún ti ń ṣí, pé tí àwọn ọmọ bá tún ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i, igi á máa jábọ́ níbẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Mo ti fi ìdérí tuntun pààrọ̀ rẹ̀, mo sì fi gọ́ọ̀mù yí ẹnu ihò rẹ̀ ká. Ọ̀dà àwọ̀ ewé náà ń ṣí lára ìdérí kẹ́ẹ̀gì nítorí n kò fi yanrìn bébà ha wọ́n kí n tó kùn wọ́n. Ẹni tó bá ń kan tirẹ̀, kó kọ́kọ́ ha wọ́n. Ìkọ́ fún okùn ìsàlẹ̀ kò tíì sí, okùn lásán la ń tú níbẹ̀ tí a tún ń so. Bàbá Káfíńtà ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Àtàlátà.